Ẹ Bi Wá Léèrè: Ta ní í wọn iṣẹ́ ọnà, kí ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n?

Lẹ́tà márùn-ún nínú àwọn tó wọlé lẹ́yìn ìtẹ̀jáde wa tó kọjá ń béèrè ohun kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti kọ́ nǹkan nínú àwòrán, orin, ijó tàbí eré orí ìtàgé, ṣé a sì lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ olùkọ́ tó dáńtọ́? Mo kó wọn sójú kan nítorí pé ìdáhùn ọ̀kan wọnú ti èkejì. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ni mo ń kọ́ ní àwòrán yíyà. Ní ìparí táàmù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá láti ọjọ́ tó ti wọlé, ṣùgbọ́n tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, gba 82. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ bí a ṣe ń di pẹ́ńsù mú dáadáa nígbà tó dé, tó sì tún iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún, gba 58. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó ní ojúsàájú ni mo fi ń pín máàkì. N kò rí èsì fọ̀. Ṣé ẹwà ni kí n máa fún ní máàkì ni, àbí ìsapá, àbí ìtẹ̀síwájú? — Olùkọ́ àwòrán

Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹwà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun gan-an ló dá ìjà yìí sílẹ̀, nítorí pé ẹ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹwà nínú kíláàsì yín. Ọmọ kan gbé e wá láti ilé, èkejì kò gbé e wá. Ohun tí ẹ kọ́ wọn nìkan ni ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi wọ́n. Bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá dá lórí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ohun tí ẹ ó wò ni pé: ṣé ibì kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá nínú àwòrán náà, ṣé ibi tó yẹ ni òjìji nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣubú sí, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni funfun ń ṣú lọ di dúdú tàbí lójijì, ṣé ọmọ náà sì mọ ibi tí kò ti yẹ kí ó fi ìlà yí nǹkan ká. Olùkọ́ méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí lórí àwòrán kan náà, kí ìdáhùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ gbìyànjú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú "ó rẹwà" kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsapá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé a kò gbọ́dọ̀ ro ìsapá pọ̀ mọ́ ìmọ̀ sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, 70 ọmọ kan lè jẹ́ ti ọ̀lẹ tó ní ẹ̀bùn, 70 èkejì lè jẹ́ ti òṣìṣẹ́ kára tí kò tíì mọ òjìji í ṣe, òbí tó bá ka ìwé èsì náà kò sì ní mọ èwo lèwo. Ẹ pín ìwé èsì yín sí ìlà mẹ́ta: ibi tí ọmọ dé nínú ohun tí ẹ kọ́ ọ, bí ibẹ̀ ti jìnnà tó sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí ẹ ó fi ọ̀rọ̀ kọ láìfi nọ́ńbà sí i. Bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin yẹn lè gba 58 ní ìlà kìíní kó sì jẹ́ aṣáájú kíláàsì ní ìlà kejì, òótọ́ sì ni méjèèjì.

Àmọ́ ẹ kò lè kọ ìlà kejì tí ẹ kò bá tọ́jú nǹkan kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìṣe nìyí: iṣẹ́ tó parí nìkan ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń jẹ́ kí àwọn àkọ́yà wọ inú ìdọ̀tí. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí Project Zero ti Yunifásítì Harvard, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1967, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìdánwò ní Educational Testing Service, àti àwọn olùkọ́ ìjọba ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà jọ gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Arts PROPEL, lórí orin, àwòrán àti ìwé àtinúdá kíkọ. Ohun tí ó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé fáìlì ọmọ kì í ṣe àpótí ìṣàfihàn iṣẹ́ tó dára jù lọ. Àkọ́yà wà nínú rẹ̀, èyí tó bàjẹ́ wà nínú rẹ̀, ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ nípa ìdí tó fi yí ọ̀nà padà náà sì wà nínú rẹ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ìdánwò ńlá. Ọmọ ilé ìwé girama ní Amẹ́ríkà tó bá ń ṣe ìdánwò AP (Advanced Placement, ìdánwò ìpele yunifásítì fún ọmọ girama) nínú àwòrán yíyà kì í jókòó dáhùn ìbéèrè lórí pépà. Àwòrán 15 ló ń fi ránṣẹ́ lórí ìbéèrè kan tó ti ń wá ìdí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí kan èyí tó ń fi ìgbìdánwò rẹ̀ hàn, àti iṣẹ́ márùn-ún tó yàn pé ó dára jù. Àwọn 15 yẹn ló kó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì náà, àwọn márùn-ún sì kó 40. Ìrìn àjò níye lórí ju ibi tí a gúnlẹ̀ sí, kì í sì í ṣe pé àánú ló fà á.

Ní ti ẹ̀sùn ojúsàájú, ẹ má bínú sí ìyá náà. Kò sí ojú tí kì í tan ẹni tó ni ín. Nígbà kan, èmi àti ẹnìkan jókòó ti òkìtì àwòrán láti àárọ̀, nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ a rí i pé máàkì ń gòkè sí i bí ó ti ń rẹ̀ wá. Nígbà tí a tún ogún tó kẹ́yìn wò ní ọjọ́ kejì, ó ju ìdajì wọn lọ tó já sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bo orúkọ mọ́lẹ̀, tí mo sì ń wo ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ kí n tó padà sórí ohun kejì. Ẹ tún mú iṣẹ́ mẹ́wàá fún olùkọ́ mìíràn láìsọ ohun tí ẹ fún wọn. Níbi tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti yàtọ̀, ẹ má ṣe pín ìyàtọ̀ náà sí méjì kí ẹ lọ. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí olúkúlùkù rí, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ inú ìlànà yín ló ní ìtumọ̀ méjì.

Ọmọbìnrin mi ṣe ìdánwò dùùrù kan tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 150. Ó gba 118, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba 121, ni wọ́n bá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó ga ju tirẹ̀ lọ. Ta ni etí rẹ̀ lè gbọ́ máàkì mẹ́ta nínú orin? Ṣé kì í ṣe bó bá ṣe wu olùdánniwò ni? — Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ orin

Kò sí etí tó lè gbọ́ ọ, sà, ẹ jàre níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ inú orin ni máàkì mẹ́ta náà ti bọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ABRSM ti ìlú London ṣe àpẹẹrẹ, àjọ tó ti wà láti 1889, tó sì ń tẹ ìlànà rẹ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Nínú ìdánwò ojúkojú wọn, orin mẹ́ta tí ọmọ ti múra sílẹ̀ gba 30 kọ̀ọ̀kan. Títẹ ohùn lọ sókè sódò ní ìtòtẹ̀léra gba 21, títẹ orin tí ọmọ kò rí rí láti ojú ìwé gba 21, dídá ohun tí etí gbọ́ mọ̀ gba 18. Ẹni tó bá ní 100 ti yege, 120 gbé e sókè, 130 ni òkè téńté. Bí ti ọmọ yín bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó tẹ orin rẹ̀ ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì pàdánù máàkì márùn-ún níbi orin tí kò rí rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún òbí pé kí wọ́n bo àpapọ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n ka ohun tí olùdánniwò kọ sí abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Ní ti "bó ṣe wù ú", ìwádìí ti wà lórí èyí. Ní 1982, Teresa Amabile tẹ ìwádìí jáde nínú èyí tí àwọn ọmọdé ti lẹ pépà aláràbarà pọ̀ di àwòrán, tí a sì ní kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sọ èyí tí àtinúdá pọ̀ nínú rẹ̀ jù. A kò fún wọn ní ìlànà kankan. Síbẹ̀ ìdájọ́ wọn bára mu gan-an. Àmọ́ ọ̀nà náà ní òfin tirẹ̀: àwọn tó ń ṣèdájọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dá wò ó, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba iṣẹ́ ní ètò ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ àwọn ọmọ wé ara wọn, kì í ṣe kí wọ́n fi wé ti àgbà ọ̀jẹ̀. Nítorí náà, ìdájọ́ ènìyàn lórí iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó ṣe wu kálukú lásán. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹnìkan ṣoṣo dá a ṣe, tàbí kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe é.

Ohun tó kù tí n ó sọ ni pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í béèrè gbogbo orin. Kò bi ọmọ yín bóyá ó lè dá orin tirẹ̀ kọ, tàbí bóyá ó ń gbọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń lu. Ohun tó rọrùn láti wọ̀n ló sábà máa ń borí. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1997, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ dá nǹkan ṣe, kí wọ́n kọrin, kí wọ́n sì ṣeré. Nígbà tó di 2008, gbígbọ́ orin kí a sì dáhùn ìbéèrè nípa rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù ní apá orin.

Ọ̀gá ilé ìwé ni mí. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó wa ti pàṣẹ pé láti ọdún tó ń bọ̀, èsì ìdánwò àwọn ọmọ ni a ó fi máa gbé ìdajì máàkì olùkọ́ lé. Olùkọ́ ijó àti ti àwòrán mi kò ní ìdánwò kankan, wọ́n sì ní kí n lo ìpíndọ́gba ìṣirò àti ìwé kíkà gbogbo ilé ìwé fún wọn. Ṣé ó tọ́? — Ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ ká lára

Kò tọ́, mà, àwọn tó ti ṣe é rí sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní 2010, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ìdajì ìgbéléwọ̀n olùkọ́ yóò wá láti inú èsì àwọn ọmọ: ìdá 35 láti inú bí máàkì wọn ti gòkè, 15 láti inú àwọn èsì mìíràn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń kọ́ ohun tí ìjọba kò ní ìdánwò fún, wọ́n sì fi nọ́ńbà gbogbo ilé ìwé dí àlàfo náà fún wọn. Olùkọ́ orin tó gbọ́nṣẹ́ lè jókòó nínú ilé ìwé tí ìṣirò ti ń ṣubú, kí òun náà sì ṣubú. Aláìbìkítà tó wà nínú ilé ìwé tó ń gòkè á bá wọn gòkè. Ní Florida, níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà, àwọn olùkọ́ gbé e lọ sí kóòtù. Ní 2014, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé ètò náà kò bá ẹ̀tọ́ mu, ṣùgbọ́n kò rú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ẹjọ́ wọn sì dà nù. Ẹ rántí ìyẹn bí ìgbìmọ̀ yín bá sọ pé kò sí òfin tó lòdì sí i: ohun tí òfin gbà lè má jẹ́ ohun tó yẹ. Òfin ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2015 fi ọ̀rọ̀ ìgbéléwọ̀n olùkọ́ sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni ohun tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Memphis, ní Tennessee kan náà, ṣe. Wọn kò sọ pé a kò lè wọn àwọn. Wọ́n ní bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, àwa ni ká mú un wá. Wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí olùkọ́ yóò ti kó iṣẹ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ jọ, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìgbẹ̀yìn, tí àwọn olùkọ́ mìíràn tó mọ irú iṣẹ́ náà, tí a sì ti kọ́ ní bí a ṣe ń ṣe é, yóò sì fi máàkì sí i. Ìpínlẹ̀ gba ètò náà wọlé. Ẹ gbé irú rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀ yín.

Àmọ́ ẹ má gbé e kalẹ̀ láìdí ojú ihò. Tí olùkọ́ bá fúnra rẹ̀ yan ọmọ tí iṣẹ́ wọn yóò lọ, àwọn mẹ́ta tó dára jù nìkan ni yóò lọ. Nítorí náà, láti inú rẹ́jísítà ni kí ẹ ti yan wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò tayọ, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹni tó wà láàárín àti ẹni tó wà níwájú ló wà nínú wọn. Tí olùkọ́ náà bá jẹ́ ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó lè má ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa kí ó bàa lè burú, kí ti ìgbẹ̀yìn sì tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn darí iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ méjèèjì sì jẹ́ irú kan náà. Fún ijó, fídíò ni yóò jẹ́ ẹ̀rí, nítorí náà ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Ó ń gba àkókò, n kò ní tàn yín. Ẹ yọ wákàtí náà kúrò nínú iṣẹ́ mìíràn tí olùkọ́ ń ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alẹ́ ni yóò máa ṣe é.

Ohun méjì ṣì wà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kọ àyè tí olùkọ́ ní sílẹ̀ kí ẹ tó kọ máàkì rẹ̀. Ẹni tó ń rí kíláàsì kan fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kò bá ẹni tó ń rí i fún wákàtí mẹ́rin dọ́gba. Èkejì, ẹ má ṣe fi ife ẹ̀yẹ dípò ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ìwé ló gbà pé olùkọ́ orin tí ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ń gba ipò kìíní ni olùkọ́ tó dára jù, láì béèrè ohun tí ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà kọ́ lọ́dún yẹn.

Ọmọ mi kò ní ẹ̀bùn àwòrán rárá. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fún un ní máàkì tó ń fa gbogbo èsì rẹ̀ sílẹ̀? — Ìyá kan

Fún ọmọ kékeré, mo gbà pẹ̀lú yín pé ọ̀rọ̀ dára ju nọ́ńbà lọ. Àmọ́ ẹ má béèrè pé kí wọ́n má wo iṣẹ́ rẹ̀. Elliot Eisner ti Yunifásítì Stanford, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ya ète méjì sọ́tọ̀: èyí tí a mọ ìdáhùn rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bíi kí ọmọ mọ bí a ti ń po àwọ̀, àti èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ti ìkíní kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀bùn. A ń kọ́ ọ ni. Ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ pé èwo nínú méjèèjì ni máàkì yẹn wà fún. Bí kò bá lè dáhùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ yín.

Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́, eré orí ìtàgé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Igbá-kejì ọ̀gá wọlé wá wò mí fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì kọ sínú fọ́ọ̀mù pé kíláàsì mi ń pariwo, pé n kò kọ nǹkankan sójú pátákó, pé àwọn ọmọ kò jókòó. Eré ni a ń dánrawò! Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. — Olùkọ́ tuntun

Ẹ pẹ̀lẹ́. Fọ́ọ̀mù tí a ṣe fún kíláàsì ìṣirò ni wọ́n fi wo yín. Ìwádìí ńlá kan tí àjọ Bill & Melinda Gates náwó sí ní Amẹ́ríkà láàárín 2009 sí 2012 rí i pé ìdájọ́ lórí olùkọ́ ṣeé gbára lé jù nígbà tí ó ju ẹnìkan lọ tó wò ó, tí ó sì ju ẹ̀kọ́ kan lọ tí wọ́n wò; olùkọ́ ìṣirò, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè sì ni wọ́n wò níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ẹnìkan ṣoṣo tí kò mọ eré kéré sí ohun tí ènìyàn lè fi ṣe ìdájọ́.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ yín. Iṣẹ́ ọnà kì í ṣe aṣọ tí a fi ń bo rúdurùdu. Ẹni tí kò mọ eré rárá ṣì lè rí bóyá ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó ń ṣe, bóyá àwọn mẹ́ta kan náà ló ń sọ̀rọ̀ títí tí àwọn yòókù ń wò, bóyá ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ fún wọn ń ràn wọ́n lọ́wọ́. "Ó dára, ẹ tún un ṣe" kò kọ́ ọmọ ní nǹkankan. "Ohùn rẹ ń bínú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ dúró bí ẹni tó ń sinmi" jẹ́ ẹ̀kọ́, igbá-kejì ọ̀gá yín yóò sì gbọ́ ọ. Kí ẹ tó sọ pé wọn kò mọ iṣẹ́ yín, ẹ bi ara yín léèrè èwo nínú méjèèjì ni wọ́n bá lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà.

Ní ti fọ́ọ̀mù, ẹ ka ohun tí ìbuwọ́lù túmọ̀ sí lórí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, pé ẹ ti rí i ni, kì í ṣe pé ẹ gbà á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ojú ìwé kan ṣoṣo pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ohun tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà fún, ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe tó fa ariwo, àti ohun tí ẹ ó ṣe yàtọ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n so ó mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Ẹ tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá wo ẹ̀kọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú olùkọ́ eré láti ilé ìwé mìíràn, kí ẹ sì fún àwọn méjèèjì ní ètò ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ kan ṣáájú.